Odi Inú Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ọjọ́ Ajé, 6/10/2025

Ó tún dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé yẹn títí àtàǹpàkò mi fi fẹ́ bó. Kò kùn, kò gbọ̀n, kò tiẹ̀ ṣe bí ẹni pé èèyàn wà níwájú òun. Ṣé ojú mi ló ṣì ni? Ṣé èmi kọ́ ni mo dúró ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ̀rọ ìfápákó yìí ń ké bí ìjì? Pákó tó wọ́, tó ní kókó, ó gbé e mì lápá kan, ó pọ̀ ọ́ lápá kejì, ara pákó wá ń dán bí iwájú orí ìyàwó tuntun. Mo fi fóònù ká a sílẹ̀. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi!

Silas tó ta ẹ̀rọ náà fún mi — Ẹlẹ́yín ni màá máa pè é, nítorí eyín iwájú ẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ bí fèrèsé — ó ní, "Àǹtí mi, kò ní wàhálà kankan, tòkunbọ̀ gidi ni, ẹ kàn ki iná bọ̀ ọ́." Mo ki iná bọ̀ ọ́. Iná wọlé, kò jáde. Gbájúẹ̀ ni.

Mo ti sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ. Odi. Ó wúwo bí màlúù. Adélaní awakọ̀ ló gbé e ṣíwájú mi wá sí Oǹdó lọ́jọ́ náà, torí mo dúró ra ìṣó ní Àkúrẹ́. Màámi ló gbà á wọlé. Ìgbà tí mo fi máa dé, Màámi ti ń jáde lọ sí ìṣọ́ òru wọn lórí òkè, wọ́n di nǹkan ràgàjì kan sínú aṣọ funfun, wọ́n gbé e rù. Mo ní ẹrù kí lèyí? Wọ́n ní ẹrù Olúwa. Odi jókòó sáàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ń wò mí.

Ìṣẹ́gun, 7/10

Wọn ò mú iná wá. Odi rí àwáwí lónìí.

Ọjọ́rú, 8/10

Kí n kọ ohun tó wà ńlẹ̀ yìí, bóyá àyà mi á yé já.

Igi ìrókò kan wà nínú oko kòkó Bàbá mi ní Bọ́lọ́rundúró. Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdá kàn án rí. Lọ́dún tó kọjá tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, àwọn fúnra wọn ló ní kí wọ́n gé e, kí wọ́n là á sí pákó, kí wọ́n fi ṣe àga ìwàásù sínú ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tí à ń kọ́. Wọ́n ní, "Jọkẹ́ ni kó ṣe é o. Kì í ṣe ẹlòmíì." Etí Màámi ló ṣe. Ọ̀rọ̀ gidi tí Bàbá sọ kẹ́yìn nípa mi kí wọ́n tó kú nìyẹn.

Pákó náà ti gbẹ. Ó fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, ojú ẹ̀ rí ṣákiṣàki bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Àwọn ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ní bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá ya ilé Ọlọ́run sí mímọ́ nínú oṣù kọkànlá. Wọ́n ní tó bá di Sátidé àkọ́kọ́ oṣù náà tí n ò tíì fá pákó, àwọn á wá kó o, àwọn á gbé e fún Kìtán.

Kìtán! Ìka Mẹ́ta. Òun nìkan ló ní ẹ̀rọ tó ń fá pákó lápá ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rọ náà ló sì jẹ ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ kó bá mi fá tèmi. Ó ní, "Ẹni tó bá fá a ni yóò kàn án." Ó wá bi mí lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ pé ta ni ọ̀gá mi? Ọdún wo ni mo ṣe fíríìdọ̀mù? Gbogbo ayé mọ̀ pé n ò ní ọ̀gá. Ojú ni mo fi kọ́ ọ. Mo tú àga tó kán, mo tún un tò, mo tú òmíì. Mo sì ti kan ilẹ̀kùn fún ìdajì àwọn tó ń fi mí ṣẹ̀sín. Ilẹ̀kùn mi ni wọ́n ń tì sun.

Jíbọ́lá oníwáyà dé lọ́sàn-án. Tẹ́sítà ni mo ń pè é, nítorí tẹ́sítà tó máa ń há sí etí. Ó tú ẹ̀gbẹ́ Odi, ó fi kàn án níhìn-ín, ó fi kàn án lọ́hùn-ún. "Àǹtí Jọkẹ́, iná dé ẹnu súìṣì, kò kọjá. Súìṣì ló kú." Ọkàn mi balẹ̀. Ó kéré tán, a ti mọ ẹni tó kú.

Màámi jáde lọ sórí òkè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: Sọ́ńdè, Áńgílíkà, Ọjọ́rú àti ìṣọ́ òru, orí òkè Wòlíì Adébùsóyè lọ́nà oko. Wọ́n ní kí n má fi Odi gbaná jẹ, pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ wà níwájú Ọlọ́run. Mo ní kí wọ́n bá mi bi Ọlọ́run bóyá súìṣì ni lóòótọ́.

Ọjọ́bọ̀, 9/10

Súìṣì tuntun. Ìdákẹ́ àtijọ́.

Ẹtì, 10/10

Tẹ́sítà tún yí ohùn padà. Ó ní iná àdúgbò wa ló rẹ̀, pé kò lágbára tó, àfi ká wá jẹnẹrétọ̀ ńlá. Ta ló ní jẹnẹrétọ̀ ńlá? Ìyá Joy ẹlẹ́ja ni, tó fi ń gbé fìríìsà ẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ yí jẹnẹrétọ̀ wá, Ìyá Joy fúnra ẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ẹni ń sin òkú. "Kíá o, Jọkẹ́! Ẹja mi ń yọ́!"

A tàn án. Gbogbo òrùlé àdúgbò mì. Odi ò mì.

Ìyá Joy fi ọwọ́ ti ìbàdí. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹ̀rọ lo rà ni, àbí àpótí?"

Ẹja tó ti rọ̀, èmi ni mo rà á. Ojú ń tì mí ni. Ẹja la jẹ láàárọ̀, ẹja la jẹ lálẹ́.

Àìkú, 12/10

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, alága ìgbìmọ̀ dì mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn. "Adéjọkẹ́, ṣé a ti ń gbóhùn ẹ̀rọ?" Mo ní, "Ẹ máa tó gbọ́ ọ, sà." Irọ́, nínú ilé Ọlọ́run, pẹ̀lú ìwé orin lọ́wọ́. Kìtán wà lẹ́yìn wọn. Ó fi ìka mẹ́ta bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́gun, 14/10

Tẹ́sítà yọ ẹ́ńjìnnì Odi síta pátápátá, ó gbé e sórí bẹ́ńṣì, ó so ó mọ́ iná tààrà. Ẹ́ńjìnnì náà yí! Fíìì! Bí ìgbà tí ọmọ bá rí ọmú. Mo fò sókè, mo lu Tẹ́sítà lẹ́yìn títí ó fi wúkọ́. A dá ẹ́ńjìnnì padà sí àyè ẹ̀, a tẹ bọ́tìnnì —

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹ́ńjìnnì dáa. Súìṣì dáa. Iná dáa. Tí gbogbo dáadáa yìí bá wá péjọ tán, wọ́n á yadi. Tẹ́sítà jókòó sílẹ̀, ó ń yọ tẹ́sítà létí, ó ń há a padà. Ó ní, "Àǹtí Jọkẹ́, n ò mọ̀ mọ́ o." N ò rí oníwáyà tó sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Mo pe Ẹlẹ́yín. Kò gbé e. Mo pè é, kò gbé e. Ìgbà tó gbé e, ó ní, "Àǹtí mi, ó kúkú ṣiṣẹ́ lójú yín." Òótọ́ ni. Ó ṣiṣẹ́ lójú mi. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn tí kò sí nínú ẹ̀ mọ́, ẹni tó yọ ọ́ ló sì ń pè mí ní àǹtí yìí. Wọ́n á yọ nǹkan kékeré kan pa mọ́, kí o lè padà wá rà á lọ́wọ́ wọn. Mo mọ̀ wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 16/10

Mo ní kò burú, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fá pákó kí òyìnbó tó dé. Láti àárọ̀ ni mo ti di ìfági mú. Ìrókò Bàbá mi kì í gbà fún èèyàn: o fá a síwájú, ó ya, o fá a sẹ́yìn, ó ya. Ìṣàn ara ẹ̀ ń lọ síbí, ó ń lọ sọ́hùn-ún, bí ọ̀rọ̀ aláìsàn. Ìrọ̀lẹ́ dé, n ò tíì parí ojú pákó kan, ibi tí mo sì fá, ó gbẹ̀nu sókè. Ọrùn ọwọ́ mi wú. Mo fi epo pa á. Tí n bá ń bá a lọ báyìí, màá ba pákó náà jẹ́ kí Kìtán tó dé orí ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 18/10

Mo bá Màámi lórí ibùsùn, wọ́n ń ká aṣọ Bàbá. Ẹ̀wù onílà kan wà, wọn ò ká a pẹ̀lú àwọn yòókù. Abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n ń fi sí.

Mo ní kí wọ́n bá mi lọ sọ fún ìgbìmọ̀ pé etí àwọn ni Bàbá ti sọ ọ́ pé èmi ni kí n ṣe é. Wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́, alága ní ọ̀rọ̀ àìsàn ni. Ọ̀rọ̀ àìsàn! Nígbà tí Bàbá fi pákó tọrẹ lórí ibùsùn kan náà, wọn ò pè é ní ọ̀rọ̀ àìsàn. Wọ́n ní "Àmín."

Màámi ní, "Fi Odi sílẹ̀ fún mi. Mo ti ṣe tèmi lórí ẹ̀."

Mo ní kí lẹ ṣe? Wọ́n ní kí n lọ gbé omi kaná.

Ajé, 20/10

N ò wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ Ìka Mẹ́ta láti ọ̀ọ́kán. Nǹkan ẹlòmíì ló ń fá, ṣùgbọ́n ara mi ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Ọjọ́rú, 22/10

Màámi tún ti lọ. Wọ́n ní Wòlíì sọ pé kí wọ́n fi ààwẹ̀ kún un. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ń gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀rọ. Ta ló fa èyí? Ẹlẹ́yín ni. Mo máa ṣàlejò ẹ̀ lọ́la, kò sì ní pè mí ní àǹtí mọ́ tí mo bá ṣe tán.

Ọjọ́bọ̀, 23/10

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo wọ kábù láàárọ̀, gbogbo ọ̀nà Àkúrẹ́ ni mo fi ń kọ́ èébú bí ẹni ń kọ́ àkọ́sórí. Mo bá Ẹlẹ́yín tó ń jẹ búrẹ́dì. N ò kí i. "Olè! Gbé ohun tó o yọ nínú ẹ̀rọ mi fún mi!" Èrò péjọ. Obìnrin kan tó wá ra ẹ̀rọ ìlọta rọra dá owó ẹ̀ padà sínú báàgì. Mo rí i. Inú mi dùn.

Ẹlẹ́yín nu ẹnu. "Àǹtí mi, kí ni mo yọ?"

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n!"

"Kí ló wá jẹ́ ẹ̀rí?"

Ohun tí mo ń retí nìyẹn. Mo fa fóònù yọ, mo tan fídíò náà síta, mo gbé e yí gbogbo wọn ká bí ẹni ń gba ọrẹ. Odi ń ké, pákó ń jáde. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ní àwọn rí i. Ẹlẹ́yín ní kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tún un ṣe. Ó ní dá a dúró níbẹ̀ yẹn. Ó fi ìka tí búrẹ́dì wà lára ẹ̀ tọ́ka.

"Fìlà ẹ̀ dà?"

"Fìlà wo?"

Ó wà níbẹ̀. Nínú fídíò tèmi. Kó tó tẹ bọ́tìnnì, ọwọ́ méjèèjì ni Ẹlẹ́yín fi gbé nǹkan onípáànù kan, ó rí bí ìdajì agbada, ó gbé e lé orí ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà, ó sì dún "kó!" kó tó jókòó. Mo ti wo fídíò yìí lóru, lọ́sàn-án, níbi ìdáná. Ohùn Odi ni mo ń gbọ́. N ò wo orí ẹ̀ rí.

Ẹlẹ́yín ké sáwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, ó ń sọ Àkúrẹ́ sí wọn, "ulé, ulé", wọ́n wá gbé ẹ̀rọ mìíì jáde láti inú ilé. Ó ṣí fìlà tiẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì: ó dákẹ́. Ó dé fìlà náà: ó pariwo. Ó ṣí i, ó dé e, ó ṣí i, ó dé e, àwọn èrò wá ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó, Àǹtí mi. Ọ̀bẹ ló ń yí lábẹ́ ibí yìí. Òyìnbó tó ṣe é ò fẹ́ kí ọ̀bẹ wà níhòòhò. Ahọ́n kékeré kan rèé, fìlà ló ń tẹ̀ ẹ́. Tí fìlà ò bá tẹ̀ ẹ́, bẹ́ ẹ bá ń rọ òróró lé e lórí, kò ní dáhùn."

Obìnrin ẹlẹ́rọ ìlọta tún kó owó ẹ̀ jáde.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi? Ó ní, "Àǹtí mi, ta ló ra ìkòkò tí wọ́n ní láti kọ́ ní ọmọrí?" Mo ní kó ta fìlà ti ẹ̀rọ kejì fún mi. Ó fi ti inú fídíò wé e, ìwọ̀n wọn ò jọra rárá, kálukú ló ní orí tiẹ̀. Ó ní òun fi okùn so tèmi mọ́ ọn lára, kí n bi awakọ̀. N ò bẹ̀ ẹ́. Kó máa lọ. Ẹni tó bá pariwo "ẹ kàn ki iná bọ̀ ọ́" tọ́ sí èébú díẹ̀.

Mo pe Adélaní láti gáréèjì. Òun gan-an ló kàn. "Adélaní, ta lo ta fìlà ẹ̀rọ mi fún lójú ọ̀nà?"

"Háà! Àǹtí, ẹ má pa mí o. Gbogbo ẹ̀ ni mo kó fún Màmá. Màmá fúnra wọn ló ní kí n tú páànù yẹn fún àwọn lọ́tọ̀."

Mo délé. Màámi ń ṣa ẹ̀gúsí. Mo ní, "Màámi, páànù tí Adélaní tú fún yín dà?"

Wọ́n ní, "Ó wà níbi tó dáa."

"Ibo nibi tó dáa?"

"Lábẹ́ pẹpẹ."

Ẹrù funfun yẹn! Ẹrù Olúwa! Lórí òkè Wòlíì Adébùsóyè, ohunkóhun téèyàn bá fẹ́ kí Ọlọ́run fọwọ́ kàn, èèyàn á mú díẹ̀ lára ẹ̀ wá. Ẹni tó ń kọ́lé á bu yẹ̀pẹ̀. Ẹni tó ń wá ọmọ á gbé bàtà ọmọdé. Odi ò ṣe é bù. Màámi wá yí i po, wọ́n ń wá ohun tí kò ṣiṣẹ́ kankan lára ẹ̀. "Mo rò pé ohun tí wọ́n fi dì í wá ni. Mo ní kí n mú ohun tí kò ní dí ẹ lọ́wọ́."

Láti ọjọ́ tí Odi ti dákẹ́ ni wọ́n ti ń gbàdúrà lé e lórí pé kó fọhùn.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sínú èèpo ẹ̀gúsí. Mo ní, "Ó ti tán nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ mú un lọ́la."

Màámi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò ṣe é mú.

Àbámẹ́ta, 25/10

Mo lọ. Màámi tẹ̀lé mi lórí ọ̀kadà.

Ìsàlẹ̀ pẹpẹ yẹn! Kọ́kọ́rọ́, fọ́tò, bàtà ọmọ, táyà, ìwé ìrìnnà ẹlòmíì. Mo rí fìlà Odi láàárín wọn. Wọ́n da òróró sínú ẹ̀, àbẹ́là yọ́ sí etí ẹ̀. Mo ti gbára dì de Wòlíì. Mo ti kó ọ̀rọ̀ tí n bá fi bó o jọ. Ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Èmi ò ti nǹkan kan pa. Màámi yín ló jẹ́ ẹ̀jẹ́. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbé e, ẹ máa gbé e lọ."

Ẹ̀jẹ́ wo? Ẹ̀jẹ́ Màámi ni pé fìlà ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí Odi bá fá pákó àkọ́kọ́ tán.

Mo ní, "Màámi! Kò lè fá pákó láìsí fìlà!"

"Ohun tí Ọlọ́run ò lè ṣe ò sí."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo di fìlà náà mú. Màámi wá sọ ohun tó wà nídìí ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀wù Bàbá, onílà yẹn, ó wà lábẹ́ pẹpẹ yìí nígbà tí Bàbá wà ní ọsibítù. Ara Bàbá ń yá díẹ̀díẹ̀. Òtútù wá ń mú wọn, wọ́n ní ẹ̀wù onílà àwọn ni àwọn fẹ́. "Ìwọ lo ní kí n lọ mú un wá, Jọkẹ́. O ní aṣọ lásán ni. Mo mú un kúrò kí ìdáhùn tó dé. Ọjọ́ kẹta ni Bàbá kú."

Ẹ̀wù kọ́ ló pa Bàbá mi! Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa wọ́n, dókítà sọ ọ́! Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo pariwo ẹ̀, mo gbé fìlà náà sókè.

Ìyá mi kúnlẹ̀. Ìyá tó bí mi. Lórí sìmẹ́ǹtì, níwájú mi, eékún méjèèjì. "Má jẹ́ kí n tún pa ìwọ náà."

Ta ló lè dúró kí ìyá ẹ̀ máa kúnlẹ̀ fún òun? Mo gbé e sílẹ̀. Ọwọ́ mi kún fún òróró.

Àìkú, 26/10

N ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. N ò bá Màámi sọ̀rọ̀, Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀. Odi ti di mẹ́ta nínú ilé yìí.

Ìṣẹ́gun, 28/10

Mo fi ibi tí ahọ́n wà han Tẹ́sítà. Ó fi ọwọ́ lu orí. "Wáyà méjì péré! Àǹtí Jọkẹ́, tí èèyàn bá so méjèèjì pọ̀, ẹ̀rọ á rò pé fìlà wà lórí òun."

"So wọ́n."

"Rárá o."

"Jíbọ́lá, so wọ́n."

Ó ní, "Ọwọ́ Bàbá Kìtán ńkọ́? Ẹ lọ wo ẹ̀rọ wọn. Ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí fìlà lórí ẹ̀. Pákó yín yìí, ẹ ò rí bó ṣe ń fò? Tó bá fò, ọwọ́ á tẹ̀lé e lọ sórí ọ̀bẹ." Ó há tẹ́sítà sí etí, ó lọ. Kò wẹ̀yìn.

Ọjọ́bọ̀, 30/10

Kìtán wá wọn pákó. Wá wọn pákó! Nínú ṣọ́ọ̀bù mi! Ó ní ìgbìmọ̀ ló rán òun, ọkọ̀ òun ló máa kó o láàárọ̀ Sátidé. Ó fi ìka mẹ́ta yẹn ń ra ara ìrókò Bàbá mi. "Igi tó dáa. Ó kù díẹ̀ kó o bà á jẹ́." Ó wo Odi. "Ìwọ náà, pẹ̀lẹ́ o."

Mo ní, "Bàbá Kìtán, kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi ìbòrí sórí ẹ̀rọ yín?"

Ó wo ọwọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ó ń dí mi lójú ni." Ó wọ mọ́tò ẹ̀.

Màámi gbọ́ ohun gbogbo láti ẹnu ọ̀nà.

Ẹtì, 31/10

Ìrọ̀lẹ́. Mo ti so wáyà náà. Èmi fúnra mi, pẹ̀lú ọ̀bẹ ìdáná. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Odi fọhùn.

Olúwa ò, ohùn yẹn. Àwọn adìyẹ fò. Ìyá Joy pariwo láti ọ̀ọ́kán, "Ó ti ṣe é o!" Ọ̀bẹ méjèèjì ń yí níta gbangba, wọ́n ń dán, o ò lè rí wọn, afẹ́fẹ́ wọn nìkan lò ń rí. Màámi sáré dé, gèlè wọn ti já. Mo pa ẹ̀rọ náà.

"Ó ti ṣiṣẹ́?"

"Ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ wọ ọ̀kadà báyìí, ẹ lọ mú fìlà wá."

"Ó ti fá pákó?"

N ò lè parọ́ fún wọn. Mo lè parọ́ fún alága nínú ṣọ́ọ̀ṣì, n ò lè parọ́ fún ìyá tó kúnlẹ̀ fún mi. Mo ní rárá.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀wù onílà Bàbá wà lórí itan wọn, wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa á lára. Wọ́n ń wo ọ̀bẹ Odi. Wọ́n mọ ọwọ́ Kìtán. Wọ́n wà lára àwọn tó gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ jẹ ìka ẹ̀. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan bóyá kí n tàn án. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ń wò.

Pákó àkọ́kọ́ ti wà lórí Odi. Kí n tó tàn án ni mo ṣe jókòó kọ ìwé yìí. Tó bá fá a láìfi mí ṣèṣe, ẹ̀jẹ́ ṣẹ, fìlà á wálé, pákó Bàbá ò ní wọ ọkọ̀ Kìtán. Tí n ò bá fá a, wọ́n á kó o láàárọ̀. Gbogbo ẹni tí mo pè ní olè, kò sí olè kankan níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn mi jù ló di mí lọ́wọ́ mú, ọwọ́ náà ló sì fẹ́ gé.

Màámi, ẹ ò lè ka ìwé, mo ń bọ̀ wá kà á sí yín létí. Bàbá ti lọ, ẹ̀wù yẹn ò gbé wọn padà. Èmi ni mo kù. Ẹ má wo ilẹ̀. Ẹ má pe Wòlíì. Ẹ wo ọwọ́ mi méjèèjì, ìka mẹ́wàá tẹ́ ẹ bí, kẹ́ ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ara yín: ṣé kí n tàn án, àbí ẹ ń lọ mú fìlà yẹn wá? Ẹ dá mi lóhùn!